Dírágónì Alápá Kan

                                        Ilé Onífèrèsé Búlúù,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-ìwòsàn Eyín.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi tó ju ọmọ ìyá lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ti ń mókun? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ fúnra wọn ńkọ́, àti ìyá ọkọ rẹ tó máa ń ṣèèṣì pè mí lórí fóònù, tá a sì máa ń jọ sọ̀rọ̀ títí kó tó rántí pé kì í ṣe èmi ló fẹ́ pè? Mo kí gbogbo wọn o. Àlàáfíà la wà níbí. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀yìn kì í dùn ní ọjọ́ orí wa yìí? Bàbá ilé mi wà. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, kò rí ọkọ̀ wà mọ́, èmi ló wá ń darí kiri inú ilé. Ó ní kí n kí ọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo tún un kà. Mo dúpẹ́ pé iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, tí dókítà sì ti ní kí o máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tó o fi há àárín ọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, òun gan-an ni kò jẹ́ kí n gbádùn. O ní o ti yí dígí yàrá rẹ kọjú sí ògiri, àti pé inú òkùnkùn lo ti ń wẹ̀ báyìí. Ìwọ kẹ̀! Ìwọ tó jẹ́ pé nígbà tá a wà lọ́mọge, bí a bá ń lọ sóde, àfi kí n fi okùn fà ọ́ kúrò níwájú dígí. Ẹlẹ́rìn-ín, àánú rẹ ṣe mí, ó sì dùn mí dọ́kàn. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, ohun tó jẹ́ kí èsì mi pẹ́ nìyẹn, má bínú. Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ níbí tó jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ sọ. Fara balẹ̀ kà á, torí o mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, mi kì í mọ ibi tí n ó dúró sí.

Ṣé o rántí ààrò oníná kékeré tó o fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí ẹ̀ ń kó lọ? O ní kí n máa fi yan búrẹ́dì. Má bínú, búrẹ́dì ò wọ inú rẹ̀ mọ́. Amọ̀ ni mo ń fi yan. Kì í ṣe amọ̀ etí odò o, amọ̀ oníke ni, èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá pélébé-pélébé, tó ní gbogbo àwọ̀ tójú lè rí. Ó máa ń rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a pò dáadáa, kì í sì í gbẹ bó ti wù kó pẹ́ tó lórí tábìlì. Àfi tó o bá gbé e sínú ààrò ló tó máa le. Abàmì ẹranko ni mo ń fi mọ, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò rí rí: ejò abìyẹ́, ẹṣin oníwo kan, ológbò tó ní ìrù ẹja, àti dírágónì, ẹranko inú ìtàn òyìnbó tó dà bí alángbá ńlá alápá méjì. Dírágónì ló pọ̀ jù. Mi ò lè sọ fún ọ pé ìdí báyìí ni mo fi fẹ́ràn wọn. Bóyá torí pé kò sẹ́ni tó lè wá bá mi pé bí tòótọ́ ṣe rí kọ́ nìyí.

O kúkú mọ iṣẹ́ mi. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, eyín àtọwọ́dá ni mò ń ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn ilé-ìwòsàn, tí àdúgbò fi ń pè mí ní Ìyá Eléyín. Àwọn irin ṣóńṣó tá a fi ń fín eyín, tí wọ́n bá ti kú tí ọ̀gá wa ní ká dà wọ́n nù, ilé ni mò ń kó wọn bọ̀. Wọ́n dára fún fínfín ìpẹ́ dírágónì ju ohunkóhun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Tó o bá rí eyín ẹnu àwọn dírágónì mi, wàá gbà pé ó dára ju ti gbogbo aládùúgbò wa lọ, àfi àwọn tó jẹ́ pé èmi náà ni mo ṣe tiwọn.

Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n ṣe lọ́jọ́ kìíní o. Dírágónì àkọ́kọ́ tí mo mọ, tó yẹ kó máa fẹnu tu iná, iná ló jẹ òun fúnra rẹ̀. Ìkánjú ni mo fi yí ooru ààrò sókè, mo rò pé á tètè jinná, àfi ìgbà tí èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bàbá ilé ṣí gbogbo fèrèsé, ó ń fi fìlà lé èéfín, ó ń bi mí bóyá mo fẹ́ gba owó adójútòfò ẹ̀mí òun ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún gbé búrẹ́dì rẹ̀ lọ sínú ààrò láàárọ̀ ọjọ́ kan láìwò ó, ó sì bá orí abìwo kan tó ń wò ó láti inú. Igbe tó ké, mo gbọ́ ọ ní balùwẹ̀. Ó ní gbogbo ayé òun lòun fi gbé oríṣiríṣi èèyàn nínú bọ́ọ̀sì, àmọ́ òun ò tíì bá alángbá abìwo du ààrò rí. Páànù ló ń fi yan búrẹ́dì tirẹ̀ báyìí. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ààrò tí a bá ti fi ń yan ike, oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́.

Ó yá, ibi tí mò ń lọ nìyí. Ní òdìkejì títì, tó kọjú sí ilé-ìwòsàn wa, obìnrin aránṣọ kan wà níbẹ̀ tó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Oníbéèrè ni gbogbo wa ń pe ọmọ náà, torí kì í jẹ́ kí etí èèyàn sinmi. Yóò sáré sọdá wá bá mi nídìí iṣẹ́, yóò ní bí eyín àtọwọ́dá bá dun èèyàn, ta ló yẹ kó lo oògùn, ṣé eyín ni àbí ẹni tó ni ín? Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nígbà tó di èṣí, omi gbígbóná dà sí i lára. Kẹ́tùlù ló yí lulẹ̀ látorí tábìlì, omi rẹ̀ sì bo ọmọ náà láti èjìká ọ̀tún dé ọrùn. Ó pẹ́ gan-an nílé-ìwòsàn. Nígbà tó padà wálé, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́.

Láti ìgbà náà, gbogbo aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń rán fún un ló ní kọ́là tó ga dé àgbọ̀n, tí bọ́tìnnì rẹ̀ máa ń wà ní dídé pinpin. Bí oòrùn ń mú, bí òjò ń rọ̀, kọ́là yẹn kì í sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa ń rí i, gbogbo wa sì ń ṣe bí ẹni pé a ò rí i. Bí ó bá wọlé, a ó gbójú sí ibòmíràn. A rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Inú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló ti ń kàwé, láàárín òwú àti àgékù aṣọ, títí dókítà fi sọ pé ara rẹ̀ ti yá tó láti padà sílé ẹ̀kọ́. Wọ́n wá dá Mọ́ńdè fún un.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Ọrùn yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Olórí ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú, ó gbà kí ìyá rẹ̀ rán kọ́là gíga sí tirẹ̀. Ọmọ náà ló kọ̀. Ó ní bí òun bá wọ èyí tó ní kọ́là, gbogbo wọn á mọ̀ pé òun ń bo nǹkan. Bí òun ò bá wọ̀ ọ́, gbogbo wọn á rí i. Nítorí náà, òun ò lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n tàn án, ó kàn ń wolẹ̀ ni. Bí ọmọ ò bá sunkún, tí kò jà, tó kàn ń wolẹ̀, ìyẹn ló ń ba ìyá lọ́kàn jẹ́ jù.

Ìyá náà ti rí àwọn dírágónì mi lójú fèrèsé ilé-ìwòsàn, níbi tí ọ̀gá wa gbà kí n máa tò wọ́n sí. Ó wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo máa kọ ọ́ síbí bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, o mọ̀ pé a kì í sábà fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tá a bá ń fi fóònù kọ̀wé:

"E kaaro ma. E jowo e ba omo mi se dragoni kekere kan to le gba inu apo. Ki o je alawo aro. E fi apa kan si i lotun-un, e ma je ko tobi ju. Mo fe ko wa lowo re ki ile iwe to wole."

Ẹlẹ́rìn-ín, báwo ni ìwọ ṣe kà á? Torí èmi kà á pé kí n fi apá kan sí i lọ́tùn-ún. Apá, bí apá ẹyẹ. Mo ní, dírágónì alápá kan ṣoṣo, kí apá náà má sì tóbi? Kí ló fẹ́ fi apá kan ṣe, ṣé ó fẹ́ máa fi fẹ́ ara rẹ̀ ni? Mo gbé fóònù fún bàbá ilé. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó kà á, òun náà ní apá kan ni, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ó ní ẹni tó bẹ iṣẹ́ ló mọ ohun tó ń wá. Títì lásán ni ǹ bá sọdá láti lọ bi í, mi ò sọdá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n. Mo fi wáyà ṣe egungun rẹ̀, mo wé bébà onírin tí wọ́n fi ń di oúnjẹ mọ́ ọn kó lè sanra láìwúwo, mo wá fi amọ̀ aláwọ̀ aró bò ó. Mo fín ìpẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì méjì ni mo fi ṣe ojú. Apá náà ló yọ mí lẹ́nu jù. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ewé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká ọ̀tún, ni dírágónì bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo gbé e nàró, ó tún ṣubú. Ẹranko tó ní apá lápá kan ṣoṣo ò lè dúró dọ́gba, àfi ìgbà tí mo ká ìrù rẹ̀ sósì láti gbè é. Nígbà tó jáde nínú ààrò tó sì tutù, ó dúró sórí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó yí ọrùn díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́yìn. Ẹlẹ́rìn-ín, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ kí aránṣọ tó wá gbà á.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráídè, tí oòrùn ò tíì wọ̀, ló wá bá mi nílé. Ó ní òun ti fi ọmọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó dúró díẹ̀, kó má baà rí ẹ̀bùn náà kó tó tó àkókò. Mo fi ìyangàn gbé dírágónì lé e lọ́wọ́. Ó wò ó. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Mò ń retí kó rẹ́rìn-ín, ńṣe lojú rẹ̀ ń yí padà. Ó wá fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó sì rọra sọ ọ́, kò bínú rárá:

"Ìyá Eléyín, àpá ni mo wí. Àpá."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Àpá! Ohun tó fẹ́ ò ju kí n fi àpá kékeré kan sí i lọ́rùn lọ́tùn-ún, bíi ti ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà lè ní ẹnì kan nínú àpò tí wọ́n jọ rí bákan náà. Èmi wá ṣe ẹranko tí apá rẹ̀ ò pé. Ọmọ tó ń sá fún ojú àwọn èèyàn, ó máa rò pé mo fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bàbá ilé, tí òun náà kà á, tó tún wọ gíláàsì kà á, rọra dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Mo ní kí n lẹ apá kejì mọ́ ọn. Ìyá ní rárá, kí n má ṣe wàhálà mọ́, òun á fi í pa mọ́ sínú àpótí òwú, òun á sọ fún ọmọ pé kò sí nǹkan kan. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí olè méjì ni mo gbójú sókè, tí mo rí Oníbéèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti sú u.

Ó wọlé, ó na ọwọ́. Ìyá rẹ̀ ò rí ibi fi dírágónì sí, ó gbé e fún un. Ọmọ náà gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé. Ó fi ìka kan tọ apá ọ̀tún náà, láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó wá yí i padà, ó fi ìka náà tọ èjìká òsì, níbi tí kò sí nǹkan kan, tí mo ti fín ìpẹ́ sí títí tó fi dán. Ó béèrè pé èkejì ńkọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní ó já.

"Ó já?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Níbo wá ni àpá rẹ̀ wà?"

Mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ìbéèrè lẹ́nu ọmọ náà gbẹ̀yìn. Ó ń wò mí, bó ṣe máa ń wò mí tẹ́lẹ̀ nígbà tí mo bá ṣe eyín tí kò dọ́gba. Ó ní apá ò lè já kí ibẹ̀ dán báyìí, irọ́ ni. Mo ní òótọ́ lo sọ, mo gbàgbé ni, jọ̀ọ́, ṣé ká jọ tún un ṣe? Nítorí oore kan wà tí amọ̀ oníke máa ń ṣe fún èèyàn: bó tilẹ̀ ti jinná, o lè fi amọ̀ tútù lé e lórí, kí o sì tún dá a padà sínú ààrò.

A jókòó sídìí tábìlì. Mo fi irin ha èjìká òsì náà kí amọ̀ tuntun lè dì í mú. Mo da funfun díẹ̀ mọ́ àwọ̀ aró kó lè mọ́lẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, mo sì fa ìlà tín-ín-rín kan gba àárín rẹ̀ kọjá, bí ojú ibi tí wọ́n rán. Oníbéèrè mi orí. Ó ní kò rí báyẹn. Mo fa òmíràn. Ó tún mi orí. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí. Ló bá gbọ́wọ́ sókè, ó tú bọ́tìnnì kọ́là rẹ̀, ọ̀kan, èkejì, ìkẹta, ó fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ wò ó. Bó ṣe ń rí nìyí."

Mo fẹ́ sunkún, Ẹlẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ ò sí, torí iṣẹ́ ló gbé síwájú mi. Mo wọ gíláàsì mi, mo ní kó fọrùn sí ibi ìmọ́lẹ̀. Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wo eyín tí mo fẹ́ ṣe ìkejì rẹ̀. Kì í ṣe ìlà rárá. Ó fẹ̀, ó ń dán, ó hun jọ bí ojú wàrà tó tutù, ó sì fa ara tó yí i ká wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọmọ náà ń tọ́ mi sọ́nà: ibí yìí ga, ibí yìí rẹlẹ̀, ó ti pupa tẹ́lẹ̀ àmọ́ kò pupa mọ́. Mò ń fi ìka tẹ amọ̀, mò ń wo ọrùn, mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rí i pé ọwọ́ mi ò yá tó, ó gba irin lọ́wọ́ mi, ó parí etí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Iṣẹ́ wa lọ́jọ́ náà ni pé ká rí i dájú pé kò jọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ti kọjú sí fèrèsé, ó ń ṣa òwú tí kò sí níbẹ̀ kúrò lára aṣọ ara rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń dá wẹ̀, òun ò tíì rí ibẹ̀ ní ojúmọmọ.

Ọmọ náà gbé dírágónì dúró kó kọjú sí òun. Ó wò ó títí. Ó ní àpá tòun wà lọ́tùn-ún, tirẹ̀ wà lósì, ṣùgbọ́n tí àwọn bá kọjú síra, ọ̀gangan ibì kan náà ni. Mi ò ronú kan ìyẹn rí láyé mi.

A gbé e sínú ààrò rẹ. Oníbéèrè lóṣòó síwájú gíláàsì ilẹ̀kùn rẹ̀, ìbéèrè bá ya bí omi. Ṣé ó mọ̀ pé inú ooru lòun wà? Kí ló dé tí kì í yọ́? Ta ló kọ́kọ́ rí dírágónì? Láàárín gbogbo rẹ̀, kò yéé béèrè pé, "Ṣé ó ti jinná?" Mo ní kò tíì jinná. Bàbá ilé padà wọlé tìtìjú-tìtìjú, ó gbé àpótí ìjókòó wá fún un, ó sì sọ ìtàn búrẹ́dì rẹ̀ fún un. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì wà ní títú. Kò sẹ́ni tó rán an létí, kò sì sẹ́ni tó gbójú sí ibòmíràn.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo dúró sójú fèrèsé ilé-ìwòsàn, mò ń ṣe bí ẹni tó ń nu eyín. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ki ọwọ́ kan bọ àpò. Ó wù mí kí n sọ fún ọ pé ó gbé orí sókè bí ọ̀gágun, àmọ́ irọ́ ni yóò jẹ́. Ilẹ̀ ló ń wò, ó sì fara ti ìyá rẹ̀ gbágbágbá. Ṣùgbọ́n ó lọ. Mi ò lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo to eyín òkè sí ìsàlẹ̀ fún bàbá kan, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé e fún un bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ jáde, ọ̀dọ̀ mi ló gbà wá tààrà, kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n jọ jókòó bi òun pé kí ló ṣe òun lọ́rùn. Òun ò dáhùn. Òun kàn yọ dírágónì jáde, òun gbé e lé tábìlì. Gbogbo wọn bá pagbo yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, wọ́n ní kí ló ṣe é. Ó ní apá rẹ̀ ló já. Wọ́n ní ṣé ó ṣì ń dùn ún?

"Mo ní rárá, ó ti jinná. Wọ́n ní tèmi ńkọ́. Mo ní tèmi náà ti jinná."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó bá gbé irin mi kan, ó ní ṣé òun lè fín nǹkan.

Má bínú sí mi, ọ̀rẹ́ mi, mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un. Mi ò dárúkọ rẹ. Mo kàn ní mo ní ọ̀rẹ́ kan níbi tó jìnnà, tó ti yí dígí rẹ̀ kọjú sí ògiri. Kò sọ pé ó mà ṣe o. O mọ ohun tó bi mí? Ó ní níbo ni àpá tiwọn wà. Mo ní mi ò mọ̀, kò fi hàn mí. Ó ronú sí i, ó ní ó dáa, a jẹ́ pé a ò gbọ́dọ̀ tíì yan tiwọn nìyẹn.

Dírágónì tìrẹ ló wà nínú agolo tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Oníbéèrè ló yan àwọ̀ rẹ̀, èmi ni mo mọ ọ́n, apá rẹ̀ sì pé méjèèjì, kò sí àṣìṣe lọ́tẹ̀ yìí. Rọra ṣí i, torí tútù ni. Má gbé e sínú oòrùn, má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tẹ̀ ẹ́. Amọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ ara rẹ̀ lọ, mo sì fi irin mi kan sí i, èyí tí mo fẹ́ràn jù.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé mò ń retí àṣìpè wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí ni mo fi àmì sí, títí ọwọ́ fi ń ro mí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí kà.

Ibi tí àpá náà yóò wà, mi ò mọ̀ ọ́n, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Kò ní ṣeé ṣe nínú òkùnkùn, torí náà wá ìmọ́lẹ̀ sí i, kí o sì wò ó dáadáa kó o tó fín in. Tó o bá ti parí, wá ààrò tí oúnjẹ ò ní wọ̀ mọ́, gbé e sí i, kí o jókòó tì í. Má yí ooru sókè. Yóò jinná.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí amọ̀ kì í tán léèékánná rẹ̀,

Ìyá Eléyín.